Ìgò Aláwọ̀ Ewé

Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì àgbà ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn jẹjẹrẹ, nítorí iná kékeré tí kì í kúrò lápò rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ń yẹ ẹnu wò. Bó bá ti yọjú láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kí i, àwọn aláìsàn á ti lanu kalẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu Dẹ́rẹ́bà, baba awakọ̀ kan, ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ahọ́n ti bó, egbò ti gba gbogbo abẹ́ ètè. Baba tó máa ń pa wọ́ọ̀dù lẹ́rìn-ín ò lè gbé itọ́ mì mọ́. Bí egbò yìí ò bá sì rọlẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, dókítà á dá oògùn jẹjẹrẹ tó fa egbò náà dúró.

"Ṣé ẹ ń fọ ẹnu ṣá?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́!" Àbúrò baba náà obìnrin ló dáhùn. Ó na ìgò aláwọ̀ ewé kan sókè. "Ṣùgbọ́n mo ti da omi iyọ̀ lásán tí ẹ fún wa yẹn nù, mà. Èyí ló lágbára. Bó ṣe ń ta á yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe."

Tọ́ọ̀ṣì ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọtí, lórí egbò!

"Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ bù ú sẹ́nu."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ gé ètè yín jẹ kó bó, kó lè dọ́gba!"

Omijé lé ròrò sójú obìnrin náà. "Mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni o."

Tọ́ọ̀ṣì fa ìwé aláìsàn yọ, ó fẹ́ kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí i. Ìkọ̀wé ara rẹ̀ ló bá níbẹ̀, ọjọ́ márùn-ún gbáko: *Ó ń fọ ẹnu dáadáa.* Ojoojúmọ́ ló ń bi baba bóyá ó ń fọ ọ́. Kò bi í rí pé kí ló fi ń fọ ọ́. Ìbínú yẹn bá ṣẹ́rí padà sí i.

Fúnra rẹ̀ ló ń po omi iyọ̀ látìgbà náà, tó ń fi oògùn mú kí ìrora ẹnu baba rọlẹ̀ díẹ̀ kó tó fún un ní mílíìkì tútù.

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà mi orí: egbò ò tíì rọlẹ̀ tó, ìtọ́jú di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ tújú ká," Dẹ́rẹ́bà rọra sọ. "Mọ́tò ò tíì kú, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló wà."

Tọ́ọ̀ṣì ò rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣí ìgò wọn, ó ń gbóòórùn.

Ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ó bá ìgò aláwọ̀ ewé mìíràn.

"Ta ló ni èyí?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù tó máa ń lanu dè é láàárọ̀ pa ẹnu dé.