Ọwọ́ Ìyá Oníbọ́tìnnì

Ogójì ọdún ni Ìyá Oníbọ́tìnnì fi ránṣọ, iṣẹ́ ihò bọ́tìnnì ló sì fún un lórúkọ. Àwọn aránṣọ tó ní ẹ̀rọ olówó ńlá pàápàá a máa kó ẹ̀wù wá bá a, torí ihò tó bá fọwọ́ rán kì í tú. Nígbà tí làkúrègbé dé, ìka rẹ̀ ń ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù mọ́kànlá gbáko ló fi dúró kó tó kàn án láti ṣe iṣẹ́ abẹ tí yóò na ìka náà.

Ilé ìwòsàn ti gbé gbogbo ètò wọn sórí fóònù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù bi í bóyá ó ṣì ń bọ̀. Ibi títẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fara kínra: "Mo ń bọ̀" àti "Mo ti sàn". Ó fi àkísà wé ìka, bó ti máa ń ṣe nídìí ìránṣọ kí abẹ́rẹ́ má baà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun. Ó tú àkísà, ó fi oríkèé ìka tẹ̀ ẹ́. Oríkèé bọ́ sórí "Mo ti sàn".

"A bá yín yọ̀ pé ẹ ti sàn," ni fóònù kọ síwájú rẹ̀.

Kò fẹnu kan oúnjẹ tó fi dé ilé ìwòsàn.

"Màmá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ara yín ti yá," ni akọ̀wé ibẹ̀ wí, kò gbójú sókè.

"Ọmọ mi, wo ọwọ́ yìí. Ṣé ó jọ ọwọ́ ẹni tó sàn?"

"Èmi kì í ṣe dókítà, mà."

"Èyí ò gba dókítà. Ọmọ ọdún méjì á rí i."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa, ẹ fọwọ́ síwèé pé àṣìṣe ni. Orí gíláàsì ẹ̀rọ yìí ni."

Ìyá fa ìka lórí gíláàsì. Ìlà náà wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ̀rọ ní kò bá ìfọwọ́sí tó wà nílẹ̀ mu. Ó tún un fà. Ẹ̀rọ tún kọ̀.

"Ìwọ bá mi fà á, jọ̀ọ́."

"Wọn ò gbà fún wa, mà. Àfi aláìsàn fúnra rẹ̀."

"Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ mi ńkọ́, ta ni wọ́n wá gbé e fún?"

"Ẹlòmíì tó ti ń dúró ni. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn."

Ìyá wá bi í bóyá òun lè rí oògùn ìrora gbà lọ sílé.

"Orí fóònù náà la ti ń béèrè ìyẹn, màmá," ni akọ̀wé dáhùn, ó sì pe ẹni tó kàn.