Noelene Fòfin De "Kò Séwu"

Ní Kurrabilla, ìlú àwọn agégẹdú kan lábẹ́ òkè ní Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, bí ilé bá ń jó lórí ẹnìkan, tí aládùúgbò sì bi í láti òdìkejì ọgbà pé ṣé dáadáa ni, "Kò séwu" ni yóò fi dá a lóhùn. Ẹ má wulẹ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa náà ńkọ́, tí ebi ń pa, tí a ń wí pé a dúpẹ́? Ṣùgbọ́n tiwọn le ju tiwa lọ. Àwa a máa dúpẹ́ tán, kí a tó fa ẹ̀gbọ́n kan sẹ́yìn ilé kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ní Kurrabilla, wọn kì í fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ilé.

Ìdí nìyẹn tí Noelene Tuckwell fi kan pátákó kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé: A KÌ Í SỌ "KÒ SÉWU" NÍBÍ. Yàrá ìdáná ni ọ́fíìsì náà tẹ́lẹ̀, nínú Ilé Àdúgbò, ilé onípákó tí àwọn obìnrin ti ń kọ́ ìránṣọ, tí àwọn àgbàlagbà sì ti ń pàdé mu tíì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ààrò onígi àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ Noelene ni láti gba ẹni tí owó ilé fẹ́ lé sígboro nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ náà ró, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń fọwọ́ sí i. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ìparí oṣù kẹfà ni owó náà yóò tán. Bí wọn kò bá tún fọwọ́ sí i, wọn yóò ti yàrá ìdáná pa.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Noelene. Kò ga rárá, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀rọ̀, ará òdìkejì títì yóò gbọ́. Ọdún méjìlélógún ló fi sanwó fún aráàlú lẹ́yìn káúńtà báńkì, kí báńkì náà tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Kurrabilla. Ohun tó sọ ọ́ di olùdámọ̀ràn kọ́ nìyẹn o. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, èlé báńkì fò sókè, apá òun àti ọkọ rẹ̀ kò sì ká owó ilé mọ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń sọ fún ìyá tó bí i lórí fóònù pé kò séwu. Ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ jáde, ni ìyá tó mọ̀. Yàrá méjì ló ṣófo nílé ìyá náà ní gbogbo àsìkò yẹn. "O ò kàn lanu ni," ni ìyá rẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí Noelene títí dòní.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, Noelene kì í bi í ní iye tó jẹ. Yóò gbé kẹ́tù omi tíì kaná, yóò gé kéèkì, yóò ní kí ó kó lẹ́tà rẹ̀ jáde, nítorí ó mọ̀ pé kò tíì ṣí wọn. Àwọn méjèèjì yóò wá máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pẹ́ jù ni yóò ṣáájú, Noelene yóò sì kà á sókè bí ẹni tó ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Àpò lẹ́tà tó ti ṣófo yóò bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, òun ni wọ́n fi ń dáná. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó fi ìtìjú wọlé ló dìde fúnra rẹ̀ láti ju àpò lẹ́tà báńkì síná, tí ara sì tù ú. Tálákà, ẹni tó nílé lórí, onílé àti ayálégbé, bákan náà ló ń ṣe fún gbogbo wọn. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n mú Rex Hannaford wá síbí. Ọgbọ̀n ọdún ni Rex fi la gẹdú, kí ilé ìlagi tó kógbá sílé. Jeanette ìyàwó rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e dé iwájú Ilé Àdúgbò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jókòó lé e.

"Jeanette, jẹ́ ká máa lọ. Mo ti ní kò séwu."

"Tí kò bá séwu, kí ni lẹ́tà mọ́kànlélógójì ń wá nínú kúlà bíà ẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni o. Inú kúlà tó fi ń gbé bíà lọ sídìí odò nígbà tó bá fẹ́ pẹja ni Rex kó lẹ́tà báńkì pa mọ́ sí, nítorí ó mọ̀ pé Jeanette kì í mu bíà. Ọjọ́ tí Jeanette fẹ́ fi kúlà náà gbé sọ́sééjì lọ síbi ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ wọn ni àṣírí tú.

Noelene ṣí gbogbo mọ́kànlélógójì. Èyí tó kẹ́yìn sọ pé báńkì fẹ́ lu ilé náà ní gbàǹjo. Nígbà tí Noelene pe báńkì, wọ́n ní àwọn ti pe Rex lẹ́ẹ̀mẹrin láti bi í bóyá nǹkan nira fún un, kí àwọn lè dín ohun tó ń san kù. Wọ́n ka ìdáhùn rẹ̀ láti inú ìwé wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló ní, "Kò séwu, ọ̀rẹ́ mi. A máa yanjú ẹ̀."

"Rex," ni Noelene wí, "ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ju okùn sí ẹ nínú kànga. O ní ẹ ṣeun, ibí tutù."

Rex ń wo bàtà rẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Sọ pé o ò lè san án."

"Mi ò... Áà, Noelene, ẹnu mi ò gbà á."

"Sọ ọ́ fún kẹ́tù ná."

Ọkùnrin gìrìwò, ọwọ́ rẹ̀ bí apá igi, ó kọjú sí kẹ́tù, ó ní, "Mi ò lè san án." Noelene ní kó sọ ọ́ fún ẹyẹ tó bà lójú fèrèsé. Ó sọ ọ́. "Ṣé o rí i? Ẹyẹ ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yá, gbé fóònù." Rex gbé e, ó sì sọ ọ́ fún báńkì. Noelene gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá báńkì sọ èdè tí báńkì ń gbọ́. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi dẹ okùn fún Rex, títí ó fi ríṣẹ́ wíwa bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé. Òun ló ṣì ń gbé inú ilé rẹ̀ dòní. Noelene kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Rex ń la igi wá fún ààrò, ààrò ló kúkú gbà á, kì í ṣe òun.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nínú oṣù kẹta, Shreya, ọmọbìnrin tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ náà ní Melbourne, pe Noelene lórí fóònù. Ó ní àwọn fẹ́ mọ ìlú tí iṣẹ́ ti bo olùdámọ̀ràn mọ́lẹ̀, kí àwọn tó pín owó ọdún tó ń bọ̀.

"Noelene, ṣé apá yín ń ká iṣẹ́ ọ̀hún?"

Èèyàn méjìdínlọ́gọ́ta ló ń dúró de Noelene nígbà yẹn. Ẹni tó bá dé lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ méje kó tó rí i. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan jókòó níwájú rẹ̀, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó kún owó ilé rẹ̀, ó ń sunkún. Noelene kò fẹ́ kí ó gbọ́ pé apá ẹni tó gbójú lé kò ká iṣẹ́ mọ́. Ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tí ẹnu gbogbo Kurrabilla ń ṣe.

"Kò séwu, Shreya. A ń kápá ẹ̀."

Abẹ́ pátákó ara rẹ̀ ló ti sọ ọ́ o!

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún, tí òtútù ti mú, Rex kúnlẹ̀ níwájú ààrò, ó ń fa àpò lẹ́tà láti inú apẹ̀rẹ̀ láti fi dáná. Ọ̀kan wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i wò.

"Noelene, wọn ò tíì ṣí èyí."

"Jù ú síbẹ̀. Ìpolówó ọjà ni."

"Àmì ìjọba ló wà lórí ẹ̀. Orúkọ ẹ ló sì wà níbẹ̀."

Noelene kò wo ojú rẹ̀. "Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí mo sọ fún wọn."

Rex dìde. Ó gbé kẹ́tù kaná. Ó fa àga, kì í ṣe àga Noelene, àga àwọn tó ń wá gbàmọ̀ràn ni. "Jókòó," ló wí. Ó ya lẹ́tà náà, ó kà á sókè, ó ń gbìyànjú láti kà á bí ìròyìn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n kà tó Noelene. Lẹ́tà ní owó yóò lọ sí ìlú tí ìṣòro wọn pọ̀ jù, nítorí Kurrabilla fúnra rẹ̀ ti jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé òun ń kápá tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tuntun láti sọ, kó sọ ọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀la nìyẹn.

"Ó tán nìyẹn," ni Noelene wí. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á. Máa lọ sílé, Rex, kò sé..."

Rex nàka sí pátákó. Noelene wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Kò sẹ́ni tó rí i kó sunkún rí ní yàrá yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹkún àwọn ẹlòmíì ti gbẹ sórí tábìlì rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

"Èèyàn mélòó ló ń dúró?" ni Rex bi í.

"Méjìléláàádọ́rin báyìí."

"Sọ ọ́ fún kẹ́tù."

"Má bá mi ṣeré."

"Ṣé eré lo bá èmi ṣe?"

Noelene sọ ọ́ fún kẹ́tù. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù. "Shreya, Noelene ni, láti Kurrabilla. Mo purọ́ fún yín nínú oṣù kẹta. Apá mi ò ká a. Èèyàn méjìléláàádọ́rin ló ń dúró. Àwọn méjì pàdánù ilé wọn kó tó kàn wọ́n." Ó mí kanlẹ̀. "Ojú ló tì mí." Shreya ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ, mò ń kọ ọ́."

Nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù kẹfà parí, Shreya pè padà. Ọjọ́bọ̀ ni, Rex ń to igi. Wọ́n ti fọwọ́ sí ọdún méjì, wọn yóò sì fi ẹnìkan kún Noelene fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Noelene dúpẹ́, dúpẹ́.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Noelene?" ni Shreya bi í. "Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Noelene ti lanu. Ojú rẹ̀ bọ́ sára pátákó.

"Rárá," ló wí. "Ó rẹ̀ mí, Shreya. Ó ti rẹ̀ mí láti bí ọdún méjì."

Rex rọra gbé igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó da tíì sínú kọ́ọ̀pù kan, ó gbé e síwájú Noelene. Ó jáde lọ bá àwọn mẹ́rin tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n gbé báàgì lẹ́tà lé itan, ó ní, "Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń mu tíì." Kò sẹ́ni tó kùn nínú wọn.