Ọmọ Tó Gbà Pé Oòrùn Ló Ń Fa Ibà

Ọmọ ọmọ mi obìnrin yege nínú ìdánwò ìwé lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ẹnu ló pa á. Kì í ṣe pé ó sọ̀rọ̀ jù o. Kò sọ̀rọ̀ rárá ni.

Yunifásítì tó wù ú láti ti kọ́ iṣẹ́ dókítà kì í wo máàkì nìkan. Wọ́n máa ń pe ọmọ síwájú àwọn àgbà olùkọ́, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Nígbà tó ti ibẹ̀ dé, orí ilẹ̀ ló jókòó sí. Ìyàwó mi bi í léèrè ohun tí wọ́n bi í.

"Bàbá kan tó ti hu ewú nínú wọn ló ní òun gbọ́ pé oòrùn àti ọbẹ̀ elépo ló ń fa ibà. Ó ní kí ni mo rí sí i."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà.'"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí mọ ẹ̀fọn ju bí ẹ̀fọn ṣe mọ ara rẹ̀ lọ. Ní Olódì-Àpápá níbí, tí omi gọ́tà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, òun ló máa ń da omi inú ògbólógbòó táyà àti korobá gbogbo ojúlé nù, tí yóò sì máa wàásù.

Mo ní, "Ṣé o kò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀, bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dàgbà. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn pé irọ́ ni?"

Àwa náà la kúkú kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Wọn kò gbà á. Lọ́dún yìí ó tún ìdánwò náà ṣe, ó tún yege, wọ́n sì tún pè é. Ó wá sọ fún wa pé bí wọn kò bá tún gba òun, òun yóò gbàgbé iṣẹ́ dókítà, òun yóò kọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá fún òun. Ó rọra sọ ọ́ ni, bí ẹni tó ti sunkún tán kó tó jáde. Ìyẹn ló dùn mí.

Mo ní èmi fúnra mi ni n ó dán an wò nílé. Ṣebí èmi náà lọ sí yunifásítì. Ní ayé ìgbà yẹn, olùkọ́ wa kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò tọ̀nà, yóò wá dúró máa wò wá. A ó dìde sí i bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. A ó jiyàn dé yàrá ìjẹun, oúnjẹ a tutù, a ó ṣì máa jiyàn. Àwọn ọmọ tí a jọ jiyàn nígbà náà dà? Fọ́tò wọn ni mo ń rí lára ògiri báyìí, tí wọ́n kọ "Ó dàbọ̀" sí lábẹ́.

Mo wọ kóòtù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Wharf Road kí n tó fẹ̀yìn tì. Káńfọ̀ ló ń rùn. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ní kó wọlé. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Dìde! Ta ló ní kí o kúnlẹ̀? Oòrùn ló ń fa ibà. Kí lo rí sí i?"

Ó wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, bàbá."

"Wò mí lójú!"

Ó wo irùngbọ̀n mi.

"Ojú ni mo wí!"

Ìyàwó mi pariwo láti ilé ìdáná. "Bàbá, ẹ má bà mí lọ́mọ jẹ́ o! Ẹni tó ń wo àgbà lójú lónìí, yóò bú u lọ́la."

"Dókítà wo ló ń wo ilẹ̀ tọ́jú aláìsàn? Ṣé ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa tọ́jú ni?"

"Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí tiyín, ṣebí ẹ̀ ń tiro."

Ó jáde sí wa tòun ti ìgbakọ lọ́wọ́, ó kọjú sí ọmọ náà. "Kí lo sọ fún ìyá onítòmátì ní Ajégúnlẹ̀ lọ́jọ́ sí?"

"Mo ní, 'Mama, no vex o, dis one don rotten.'"

"Ṣé ó gbá ọ létí?"

"Rárá, màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀."

"Ó tán. Bẹ̀ wọ́n ná, kí o tó sọ ọ́. Àgbà tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ bẹ̀, ṣe ló máa ń tẹ́tí."

Mo tún ìbéèrè mi bi í. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Kòkòrò kan tí abo ẹ̀fọn ń gbé kiri ló ń fa ibà. Oòrùn ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Inú mi dùn débi pé mo bọ́ kóòtù. Mo ní, "Kí ló dé tí o fẹ́ di dókítà?"

"Mo fẹ́ ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ni."

"Mẹkáníìkì náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Wá òmíràn."

Ó wò mí lójú, ó wò mí gan-an.

"Ẹ má bínú, bàbá. Lóṣù tó kọjá tí mo tẹ̀lé yín lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà bi yín pé báwo lara. Ẹ ní, 'A dúpẹ́.' Wọ́n ní ṣé kò síbi tó ń dùn yín? Ẹ ní, 'A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.' Bẹ́ẹ̀ orúnkún yín wú, òòyì sì ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde. Mo dúró lẹ́yìn àga yín, mi ò lè dá sí i, torí àgbà méjì ló ń sọ̀rọ̀. Dókítà kọ ọ́ pé ara yín le. Mo fẹ́ di dókítà tí kì í gba 'a dúpẹ́' lẹ́nu àgbà kó tó yẹ̀ ẹ́ wò."

Ìyàwó mi gbé ìgbakọ sílẹ̀. "Òòyì? Òòyì wo?"

"A dú..." mo ní, mo sì pa ẹnu mi dé.

Mo sọ fún ọmọ náà pé, "Ohun tí wàá sọ níwájú wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni o."

Bàbá eléwú tó bi í ní ìbéèrè lọ́dún tó kọjá náà ló tún bi í lọ́tẹ̀ yìí pé kí ló dé tó fẹ́ di dókítà. Ó ní bí òun ṣe sọ ọ̀rọ̀ 'a dúpẹ́' náà tán, gbogbo àwọn olùkọ́ yòókù kọjú sí bàbá náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà fi ọwọ́ pa ìbàdí tó ń dun òun náà, ó ní, "Lọ, ọmọ mi, mo ti gbọ́."

Àwa ò mọ̀ bóyá "mo ti gbọ́" yìí dára tàbí kò dára. A fi ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan tú u wò bí ẹni ń túmọ̀ àlá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù rẹ̀ dún. Ó kà á, kò pariwo, ó kàn gbé e fún mi. Mi ò wọ awò ojú. Ìyàwó mi já a gbà, òun náà ò wọ awò. Àwa méjèèjì ń na fóònù sókè sódò, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú ẹ̀.

"Wọ́n ti gbà mí! Màmá, wọ́n ti gbà mí!"

Nígbà tí ijó rọlẹ̀, ìyàwó mi béèrè iye ọdún tí ẹ̀kọ́ náà yóò gbà. Ọmọ náà ní ọdún mẹ́fà, bí kò bá sí ìdíwọ́. Mo rọra fi ọdún mẹ́fà kún ọjọ́ orí mi nínú ikùn. Mo wo iye tó jẹ́, mo sì ní kí wọ́n bá mi dín iyọ̀ ọbẹ̀ mi kù.