Ọjọ́ tí mo lé àwọn onídráfù

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó kọjá. Tí mo bá parí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, mo gbà!

Káfíńtà ni ọkọ mi, Bàbá Sùkúrà, ní Ajah níbí. Àìsàn ọkàn ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí a kúrò ní ọsibítù, dókítà ní kí n má jẹ́ kí wọ́n ṣe wàhálà. Ni mo bá sọ ara mi di sọ́jà! Mo fòfin de iyọ̀, mo fòfin de iṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta tó máa ń wá ta dráfù lẹ́yìn ìrun Aláàsárì ńkọ́? Ariwo wọn pọ̀ jù fún aláìsàn. Mo lé wọn, tàwọn ti pátákó dráfù wọn.

Ilé wá pa lọ́lọ́. Mo rò pé àlàáfíà nìyẹn, àṣé ọkọ mi ń kú lọ! Wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, mo bá oògùn ọ̀sẹ̀ kan lódindi lábẹ́ fóòmù. Wọn ò lo ẹyọ kan!

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ta làwọn fẹ́ tìtorí ẹ̀ lo oògùn, ṣé òrùlé táwọn ń wò látàárọ̀ ni?

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ? Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ẹ́."

Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ṣé irọ́ ni?

Mo gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá Gàní lọ, mẹkáníìkì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà. Mo kúnlẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn ń dé ẹnu géètì wa, ẹ̀rù mi ló ń ba àwọn! Wọ́n wá wò mí lójú.

"Ìyàwó wa, ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

Láti oṣù mélòó kan, ara ọkọ mi ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Mo bú sẹ́kún láàárín àwọn táyà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé. Wọ́n ní kí n wọlé lọ sùn, àwọn wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àwọn. Bàbá Gàní sì ní láti ìsinsìnyí lọ, àwọn lá máa gbé e lọ sí kíliníìkì. Mo sùn bí òkúta, àní pẹ̀lú ariwo wọn!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi: "Ìyá Sùkúrà, oògùn mi dà? Mo fẹ́ na Bàbá Gàní nídìí dráfù lónìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, oògùn nìkan ò tó. Ẹ jẹ́ kí èèyàn yí aláìsàn ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú ọkọ tàbí aya yín, ẹ kọ tiyín síbí kí n kà á. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti sùn?