Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Ṣe Ìwádìí Mi Lọ́wọ́ Èmi Fúnra Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro tẹnu mi fún yín. Ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ fúláàtì yìí, ọpẹ́ ló kù tí mò ń dá!

Fọlárìn, ọmọ wa tó wà ní Àbíjàn, ló gbọ́ pé fúláàtì kan wà fún títà ní Èjìgbò, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ti Àbíjàn dé dáwó kọ́. Ó fẹ́ rà á fún èmi àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà nínú ilé ìdáná. Ọjà ò jìnnà, ilé ìwòsàn ò jìnnà, ìyá kan sì ń ta àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Àbíjàn, pẹ̀lú ẹja lọ́ọ̀ọ́kán. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn ẹja díndín rẹ̀, àwọn ará ìlú Ara lọ́hùn-ún á ti máa fọwọ́ dè é!

Ta ló nílò irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ìyàwó mi? Orúnkún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, kànga wa ní Ọlà, níbi tá à ń gbé nígbà yẹn, sì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n wọn kì í tà á fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Àfi kí gbogbo àwọn tó ń gbébẹ̀ gbà ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ṣe ìwádìí rẹ ládùúgbò rẹ, bí ìgbà téèyàn fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Fọlárìn ti bẹ̀ mí lórí fóònù pé kí n ṣáà ti panu mọ́.

Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mò ń bó ẹ̀gẹ́. Obìnrin méjì sọ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n ní inú ilé alájẹṣẹ́kù làwọn ti wá, àwọn sì ń béèrè irú èèyàn tí Bàbá Fọlárìn jẹ́.

Háà! Ẹ̀yin náà, kí lẹ bá ṣe?

Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ní ọkùnrin náà níwà débi pé ejò kì í bù ú ṣán, ńṣe ni wọ́n ń yà fún un lójú ọ̀nà oko! Mo wá rí i pé èyí àbúrò nínú àwọn méjèèjì ń fura. Ṣé ẹ mọ̀ pé lẹ́nu ìwádìí, ẹni tó bá yinni jù, wọ́n á ní ó ti gbàbẹ̀tẹ́lẹ̀? Mo bá fi àbùkù díẹ̀ kún un. Mo ní bó bá ń hanrun, òrùlé máa ń mì.

Ibẹ̀ la wà tí ìyàwó mi yọrí lójú fèrèsé. "Bàbá Fọlárìn! Irọ́ wo lẹ tún ń pa fáwọn ọlọ́mọ yìí?"

Mo ní kí ilẹ̀ lanu, ilẹ̀ kọ̀!

Èyí ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Hẹ̀n! Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń ṣe ìwádìí ara yín?" Èyí àbúrò ní kí àwọn máa lọ jàre, pé òpùrọ́ ò ṣeé bá gbélé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró. Kì í ṣe nítorí tèmi o, orúnkún ìyá yìí ni mò ń rò.

Ìyàwó mi bá tiro jáde. Ó ní òótọ́ ni, irọ́ mi pọ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí orúnkún ti ń da òun láàmú, òun ò gbé garawa mọ́, èmi arúgbó yìí ni mò ń pọnmi. Ó ní bí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń sọ pé dókítà ló ní kí n máa fi na ara. "Dókítà wo? Irọ́ tí bàbá yìí ń pa nìyẹn."

Èyí ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ mi, ó wo orúnkún ìyàwó mi. Ó pòṣé sí èyí àbúrò, ó wá fi Faransé sọ pé ó ti dára: "Sẹ bọ̀n! Bàbá, ẹ máa dẹrù. Ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn lẹ máa sùn o, ẹ má baà gbé òrùlé wa lọ!"

Gbogbo ará ilé náà gbà wá, a ti kó dé. Ọjọ́ tá a dé, ìyàwó mi ṣí ẹ̀rọ, ó tì í, ó tún ṣí i, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ọlọ́run ṣeun, Fọlárìn náà ṣeun.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kò sí bó o ṣe lè ta ara rẹ tó, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ló mọ iye tó o jẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gba ẹnu yín sọ̀rọ̀ rí nígbà tí ẹnu yín fẹ́ bà yín jẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ dúpẹ́. Bẹ́ ẹ bá fi irọ́ díẹ̀ sí i, èmi ò ní bínú!