Ọ̀bẹ tí Ìyàwó Bàbá Mi Fi Họ Ohùn Ìyá Mi

Bí mo bá ti gbóòórùn ọṣẹ ìfọyín tó ń ta sánsán, pálọ̀ wa ní Fẹ́sítáàkì ni ọkàn mi máa ń padà sí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò sì jókòó sílé. Ìyá mi ti kú, bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, èmi àti obìnrin náà, tí mò ń pè ní Àǹtí, kì í sì í kí ara wa ju bó ṣe di dandan lọ. Sídì kan tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, níbi tí ìyá mi ti ń dá orin, ni ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbé e sínú ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ó ń gún Àǹtí lára. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í yí ohùn ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ti Àgbójú dé, Àǹtí na sídì náà sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi ọ̀bẹ ìdáná họ abẹ́ rẹ̀ láti àárín dé etí, bí ẹni ń họ ìkòkò tó jóná.

“Orin ìyá ẹ ti parí,” ó ní, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

Mo wo bàbá mi. Wọ́n ṣí ìwé ìròyìn wọn sí ojú ewé mìíràn, wọ́n ní sídì lásán ni, kí n má sọ ọ́ dìjà.

Ọkùnrin tó ń ṣe ẹ̀dà sídì ní Àgbójú ní kí n lọ sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń kà fún iṣẹ́ àṣekágbá mi gan-an ni ọgbọ́n tó ń dáàbò bo irú sídì bẹ́ẹ̀. Wò ó báyìí: bí mo bá fi àmì méjì sórí bébà, ìlà tààrà kan ṣoṣo ló lè gba orí méjèèjì kọjá. Bí mo bá fi mẹ́ta kún un lórí ìlà kan náà, tí ọ̀tá wá ti ọ̀kan kúrò láyè rẹ̀, mẹ́rin tó kù á jẹ́rìí pé irọ́ ló ń pa, wọ́n á sì fi ibi tó yẹ kó wà hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ṣe sídì ṣe: wọ́n sọ ohùn di nọ́ńbà, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ìlà tó ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, tí à ń pè ní pọlinómíà, nínú agbo nọ́ńbà kékeré tí ìṣirò kankan kì í mú ọ jáde kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n wá fọ́n àwọn àmì náà ká, kí egbò kan má baà pa gbogbo ẹlẹ́rìí pọ̀. Ká ní obìnrin yẹn fi ọ̀bẹ yí sídì náà po, bí orin ṣe ń yí, kò ní sí ohun tó kù. Ìbú ló gé e, díẹ̀díẹ̀ ló sì bù lára ìlà orin kọ̀ọ̀kan.

Mo fi ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní bákónì kí abẹ́ rẹ̀ lè dán padà, títí ìka fi ń dùn mí. Mo padà lọ bá ọkùnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rọra máa kà á. Ẹ̀rọ náà ń dúró, ó ń padà sẹ́yìn, ó tún ń lọ. Ibì kan péré ni ohùn ìyá mi ti já. Ìyókù jáde gaara.

Mo gbé ẹ̀dà tó ṣe fún mi sínú ẹ̀rọ ní pálọ̀. Àǹtí jáde láti ilé ìdáná, ó dúró.

“Kí ló dé tí kò kú?” ó bi mí.

“Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé e,” mo dá a lóhùn.

Bàbá mi dìde, wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ní kí n gbé sídì àti ara mi kúrò nílé àwọn. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ni mo wà títí yunifásítì fi wọlé.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bàbá mi pè mí. Wọ́n fẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà orin náà fún àwọn, kí ìyàwó àwọn má gbọ́ sí i. Mo ní kí àwọn méjèèjì jọ wá gbà á lọ́wọ́ mi. Bàbá mi dákẹ́, wọ́n sì gé fóònù. Ọgbọ́n tí mo kọ́ yẹn ní ààlà: bí irọ́ bá ti pọ̀ ju agbára àwọn ẹlẹ́rìí lọ, kò sí ìṣirò tó lè dá òótọ́ padà. Obìnrin yẹn ló mú ọ̀bẹ o, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀bẹ ṣe, mo rí i túnṣe. Ìdákẹ́ bàbá mi ni mi ò rí túnṣe.