Orúkọ Tó Há Sínú Fídíò

Òórùn òrí ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ mú gan-an ní Parakou lọ́dún yẹn, Ìyá Àgbà sì ti jókòó sórí ẹní láti ìdájí, ó ń fi òrí pa orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Orúnkún yẹn ni kò jẹ́ kí ó lè wọkọ̀ lọ sí Kútọnu níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Tàńtí Sẹ́kínà, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà. Tàńtí pè lórí fóònù pé kí òun sọ orúkọ ọmọ fún un, Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní ẹnu ààfáà ni òun fẹ́ ti gbọ́ ọ, kí òun náà lè ṣe àmín pẹ̀lú àwọn tó wà níbẹ̀. Ni wọ́n bá gbé fídíò ọjọ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí rẹ̀.

Àdúgbò Titirou ní Parakou ni ilé wa wà. Ẹ̀gbọ́n mi Rafiatu, tó ń bá ìyá wa ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, nìkan ló ní fóònù tó lè gbé fídíò. Èmi ṣì wà ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa pagbo yí fóònù náà ká.

Ààfáà yọjú, ó kí ìjọ: "Asalaamu alekun." Bó ṣe sọ ọ́ tán ni àwòrán dúró gbagidi, òbìrìkìtì funfun kan sì ń yí lójú ààfáà. Ìyá Àgbà dáhùn kíkí náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kíá, ààfáà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Ìyá Àgbà wí. "Wọ́n ń dúró kí á dáhùn ni."

Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Láti ìgbà náà, bí òbìrìkìtì bá ti ń yí, gbogbo ilé á dáhùn: wọ́n kí wa, a kí wọn, wọ́n ṣàdúrà, a ṣe àmín. Nígbà tó yá, ààfáà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Orúkọ ọmọ yìí ni…" Òbìrìkìtì dé. Ìyá Àgbà ṣe àmín. Ó tún un ṣe.

"Ìyá Àgbà, ẹ gbóhùn sókè o," ni Rafiatu wí, "Kútọnu jìnnà."

A rẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe é, ibì kan náà ló ń há sí. Tàńtí pè láti béèrè bóyá orúkọ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ìyá Àgbà ní àwọn ṣì ń wò ó. Lẹ́yìn ìrun, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń dárúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àdúrà. Tó bá kan ti Kútọnu, á dákẹ́. Ìyá mi, tó ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu Tàńtí, ní kí òun kúkú sọ ọ́ fún un, kò gbà.

"Ọmọ tí mi ò bá wọn ṣe àmín sí orúkọ rẹ̀," ó ní, "báwo ni mo ṣe fẹ́ dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ Rafiatu títí ó fi yá mi ní fóònù, mo sì pa ààfáà tì, òbìrìkìtì ni mo ń wò. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí já mi láyà: mi ò la ẹnu, ààfáà sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń dúró de ìdáhùn wa. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìlà méjì nísàlẹ̀ àwòrán. Ìlà pupa ń fi ibi tí a wò dé hàn, ìlà aláwọ̀ eérú sì ń sáré níwájú rẹ̀. Ìgbà tí pupa bá lé eérú bá gan-an ni òbìrìkìtì ń yọ. Ohun tó ti dé là ń wò, a sì ti ń wò ó tán kí ìyókù tó dé.

Mo tẹ fídíò náà kó dúró. Pupa dúró, eérú kò dúró. Ó ń rọra gùn sí i bí omi tó ń kún korobá. Orí mi wú. Mo tẹ àmì tó dà bí eyín kẹ̀kẹ́, mo bá nọ́ńbà níbẹ̀: 720, 480, 360, 240, 144. Mo mú 144. Ojú ààfáà ṣú bí ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ṣùgbọ́n eérú ń sáré. Mo ti gbogbo ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tí Rafiatu ṣí sílẹ̀ lórí fóònù náà. Mo rí i pé íńtánẹ́ẹ̀tì yá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ju yàrá inú lọ, àti pé ìdájí, tí àdúgbò kò tíì gbé fóònù, ló yá jù.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo gbé fóònù sójú fèrèsé, mo dá fídíò dúró, mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbà béèrè ohun tí à ń ṣe.

"À ń jẹ́ kí ààfáà kọ́kọ́ dé ni," ni mo wí.

Nígbà tí eérú kan òpin, mo tẹ̀ ẹ́. Kò dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Orúkọ ọmọ yìí ni Widad." Àmín Ìyá Àgbà bọ́ sáàárín tiwọn, ohùn kan náà, láti Titirou dé Kútọnu. Gbogbo irun ara mi ló dìde. Ó tọ́ orúkọ náà wò lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Wìdáàdì. Orúkọ ọmọ yìí le bíi fídíò rẹ̀." Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò kọ́ mi ní ìyókù. Mo kà á fúnra mi pé ègé kéékèèké tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ ni fídíò fi ń rìn, pé ẹ̀rọ ń wọn bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó kó tó yan ègé tó máa rán. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, nílé mi ní àdúgbò Albarika, mo gbé àpótí kọnẹ́sọ̀n tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì sókè láàárín ilé, mo fa wáyà láti ibẹ̀ tààrà wọ tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹnu ṣì ń yà mí. Síbẹ̀, bí fídíò bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, mo ti ń pòṣé, mo ti ń wá òmíràn. Tí mo bá fi ara mi wé ọmọ CM2 yẹn, mo mọ̀ jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n òun lè jókòó ti ohun tí kò tíì dé, kó máa wò ó bó ṣe ń bọ̀. Ní ti ìyẹn, èmi ni àbúrò.